Wèrè ìdílé

Ẹ̀yin ará wa ní Akofodjoulè, bí ọmọ yín bá fẹ́ gbé ìyàwó, ẹ máa ń bèèrè pé: «Ṣé kò sí wèrè ní ìdílé wọn?»

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn náà ń wádìí rẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n sọ pé ibi 287 nínú ohun tí a ń jogún ló kan àrùn tí ń mú ènìyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré.

Ẹ wo Táyé àti Kẹ́yìndé tí wọ́n jọra débi pé ìyá wọn ń ṣì wọ́n pè. Ohun kan náà ni wọ́n jogún. Síbẹ̀, bí àrùn yìí bá mú ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà kì í mú èkejì.

Ẹ máa bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ má fi àìsàn bàbá kọ ọmọ. Ìwà ọmọ náà ni kí ẹ wò.