Omi Kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù



Nígbàkúùgbà tí ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní bá súnmọ́ etílé, ọjọ́ tí Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ tí ó ti kú, àríyànjiyàn a máa wọ inú ìjọ. Àwọn kan a ní bí a bá gbàdúrà fún ọmọ-ogun, ogun ni a ń yìn. Àwọn mìíràn, tí ọmọ wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, a ní ẹni tí ó bá bá ogun wí ti bú ọmọ àwọn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò nínú II Sámúẹ́lì 23:15-17.

Òùngbẹ ń gbẹ Dáfídì, ó sì ń fẹ́ omi kànga ẹnubodè Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Akọni mẹ́ta la ibùdó ọ̀tá já, wọ́n sì pọn ọ́n wá. Ṣùgbọ́n Dáfídì kò mu ún. Ó tú u sílẹ̀ fún Olúwa, nítorí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó rí nínú rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé kò bá àwọn mẹ́ta náà wí. Ìfẹ́ ọkàn ti ara rẹ̀, èyí tí ó rán wọn lọ, ni ó kọ̀. Àwọn baba wa sì ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à á bẹ̀rù.

Àwa ará Ọ̀fà kò níláti wá irú rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Júù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni a kéde àlàáfíà ní pápá ogun Kírìjì, lẹ́yìn tí Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips ti ru ọ̀rọ̀ ìlàjà láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Àlàáfíà náà kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ìlọrin ṣì dó ti ìlú, àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn tí ó wá ràn wá lọ́wọ́ kò lè gbà wá, Ọ̀fà sì fọ́ ní ọdún 1887. Síbẹ̀, nínú ìwé ìtàn Johnson, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ ó rí orúkọ àwọn ológun lọ́kọ̀ọ̀kan àti ìgboyà wọn. Ó ti bá wọn gbé. Ó mọ ẹni tí ogun ń pa. (Ó dùn mí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mọ ogun ilẹ̀ òkèèrè ju èyí lọ.)

Kí ọmọ-ogun má sì rò pé ọlá yìí bo ohun gbogbo. Nínú Lúùkù 3:14, Jòhánù kò ní kí wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ fún wọn láti fi ipá gba ohun ẹlòmíràn. Ẹni tí ó rán ni ní ìṣírò tirẹ̀, ẹni tí ó lọ náà ní tirẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa gba orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tí ó bá ogun lọ lẹ́nu àwọn àgbà, láti Bọ́mà ní ọdún 1944 títí dé ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970, àti àwọn tí ó ṣubú ní Bọ̀rnó ní ìgbà tiwa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ọdún tí ó lò láyé, àti orúkọ ìyá rẹ̀.