Orí Ló Bá Malcolm X Dé Mẹ́kà

Nínú odù Ifá Ògúndá Méjì, ìbéèrè kan délẹ̀: èwo nínú àwọn òrìṣà ló lè bá olùsìn rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò tó jìn, títí dé ojú òkun, láì padà lẹ́yìn rẹ̀? Ṣàngó fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n ní tó bá wá dé Kòso ilé bàbá rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro àmàlà, tí wọ́n fún un ní orógbó àti àkùkọ? Ó ní tóun bá ti yó, ilé yá. Báyìí ni oúnjẹ ilé bàbá oníkálukú ṣe dá a padà. Ọ̀rúnmìlà alára ò mórí bọ́, èyí ló sì wù mí jù: Ifá ò gbè sẹ́yìn ara rẹ̀. Orí nìkan ni kì í padà. Ẹsẹ náà ò sì ní ká má bọ Ṣàngó mọ́.

Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ni ti Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà: ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti gbẹ̀sìn, lọ́dọ̀ Nation of Islam ti Elijah Muhammad, tó ń kọ́ni pé Bìlísì ni òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wàásù rẹ̀, tó ń bú àwọn pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú. Ẹgbẹ́ náà pa á lẹ́nu mọ́ ní ìparí 1963. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a dé, tí wọ́n padà bí àwọn òrìṣà yẹn. Ó kúrò lọ́dọ̀ wọn ní oṣù kẹta 1964. Ní 3 oṣù kẹrin, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan ní Cleveland, ó ní mùsùlùmí lòun ṣì jẹ́, àmọ́ kí kálukú fi ẹ̀sìn rẹ̀ sáàárín òun àti Ọlọ́run, kí wọ́n lè jọ kojú ìyà tó ń jẹ gbogbo wọn. Lóṣù yẹn kan náà ló dé Mẹ́kà, tó kọ̀wé sílé pé òun àti mùsùlùmí aláwọ̀ funfun jọ jẹun nínú àwo kan. Àwo oúnjẹ tó ń dá òrìṣà padà, òun ló ti Malcolm síwájú.

Àwọn kan ní ṣe ló rọ̀. Irọ́ ni. Ní oṣù karùn-ún, ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mùsùlùmí ti sọ ọ́ ní Ọmọwálé, kò fi oyin sí ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà rárá. Mùsùlùmí náà ló sì jẹ́ títí wọ́n fi yìnbọn pa á ní New York ní oṣù kejì 1965. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà délé, ó fi Muslim Mosque, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tó ti dá sílẹ̀, ṣe ti ìjọsìn, ó wá dá Organization of Afro-American Unity sílẹ̀ lọ́tọ̀ ní oṣù kẹfà 1964, kí onígbàgbọ́ àti ẹni tí ò lẹ́sìn rárá lè bá wọn jókòó níbẹ̀.