ETÍ TÍ Ń GBỌ̀N, ETÍ TÍ Ó DÍ: KÍ NI Ọ̀DỌ́ MÙSÙLÙMÍ YÓÒ ṢE?

A bẹ̀rẹ̀ ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Aṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí Ó dá etí, tí Ó dá ojú, tí Ó sì dá ọkàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn. 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ lórí mínbárì. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọ̀dọ́ tí a ń bá jókòó ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, àwọn mélòó kan ti fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìrun nítorí rẹ̀. Ọ̀kan ní etí òun máa ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀ bí ẹni pé labalábá há sínú rẹ̀. Òmíràn ní etí òun kún bí ìgbà tí omi odò wọ̀ ọ́, tí omi náà kò sì jáde. Ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin tí ó ń há Alùkùràánì sórí, ní ohùn olùkọ́ òun ń dún bí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo, tí òun kò fi mọ siin yàtọ̀ sí saad mọ́. Àwọn kan lára wọn ti lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, gbogbo àdúgbò ni yóò kí i. Ẹni tí etí rẹ̀ ń gbọ̀n, òun nìkan ni ó mọ̀. Nítorí náà ni a ṣe ní kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

ÌKÍNÍ: IYÌ ETÍ

Nínú Súrà An-Nahl, aaya 78, Ọlọ́hun rán wa létí pé a kò mọ nǹkan kan nígbà tí Ó mú wa jáde láti inú ìyá wa, Òun ni Ó fún wa ní ìgbọ́rọ̀, ìríran àti ọkàn, kí á lè máa dúpẹ́. Ìgbọ́rọ̀ ni Ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ tún wo àwọn ọ̀dọ́ inú ihò àpáta. Nígbà tí Ọlọ́hun fẹ́ kí wọ́n sùn fún ọdún 309, etí wọn ni Súrà Al-Kahf, aaya 11, sọ pé Ó dí. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ẹni tí ó sùn ti pa ojú dé tẹ́lẹ̀, etí ni ó ń jí i. Ẹ ò rí i pé ẹ̀ṣọ́ ni etí jẹ́ fún wa!

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ dì mú níbí yìí. Súrà Luqman, aaya 7, sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ṣe bí ẹni tí etí rẹ̀ wúwo. Àwọn kan ti ń fi aaya yìí na aláìsàn, wọ́n ń sọ pé ìyà orin tí ó ń gbọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí aaya náà ń bá wí ni ẹni tí ó gbọ́ òdodo tí ó sì fi ìgbéraga pẹ̀yìn dà. Ti aláìsàn kì í ṣe ìgbéraga. Ó ń wá ọ̀nà àtigbọ́ ni.

ÌKEJÌ: KÍ NI Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ETÍ?

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú etí bí awọ tí a fi bo ìlù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni egungun kéékèèké mẹ́ta wà tí wọ́n ń gbé ohùn wọlé. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ni egungun tí ó kéré jù lọ ní gbogbo ara ọmọ ènìyàn, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 3. Iṣan kékeré méjì ni ó so mọ́ àwọn egungun yìí. Bí ìpéǹpéjú ṣe máa ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá rẹ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn iṣan yìí lè máa gbọ̀n, ẹni tí ó ni etí yóò sì máa gbọ́ pẹ̀pẹ̀pẹ̀. Àìsùn, ìrònú àti ariwo máa ń dá kún un. Ó ń dani láàmú, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kì í sọ ènìyàn di adití.

Ọ̀nà tóóró kan tún wà tí ó ti inú etí já sí ẹ̀yìn imú. Òun ni ó máa ń ṣí nígbà tí a bá gbé itọ́ mì tàbí tí a bá yán. Àwọn tí ó ti wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà mọ̀ ọ́n: bí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀, etí á dí, bí a bá gbé itọ́ mì, á ṣí. Bí ọ̀fìnkìn tàbí eruku ọyẹ́ bá mú kí ọ̀nà yìí wú, etí yóò kún, ohùn yóò sì yí padà.

Àwọn ohun mìíràn tí ó lè fà á pọ̀. Ìdọ̀tí tí a fi owú tì wọnú lọ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pípa eyín keke lójú oorun. Oògùn bíi kuníìnì àti abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn lè ṣe etí léṣe. Àìsàn kan wà tí dókítà ará Faransé, Prosper Ménière, ṣàlàyé ní ọdún 1861, tí ó ń mú kí etí kún, kí ó máa hó, kí òòyì sì máa kọ́ ènìyàn. Ariwo náà ńkọ́? Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ju bílíọ̀nù 1 ọ̀dọ́ lọ tí gbígbọ́ ohùn tí ó ga jù ti fi etí wọn sínú ewu. Ẹ wo ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, ẹ wo gbohùngbohùn àwọn tí ń polówó àgbo lọ́jà, ẹ wo ohun tí ẹ ń kì bọ etí yín mọ́jú. Kódà gbohùngbohùn mọ́sáláásí wa, kò yẹ kí ó máa fọ́ etí àwọn tí ó wà ní sáàfù àkọ́kọ́.

ÌKẸTA: Ẹ MÁ ṢE SÁRÉ DI Ẹ̀BI RU ẸNÌKAN

Bí etí bá ń hó, àwọn kan á ní ẹnìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ ẹni. Àwọn mìíràn á ní ìyá ọkọ ni, tàbí pé àlùjànnú ti wọ ilé etí. Hádíìsì kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń kà káàkiri, pé ẹni tí etí rẹ̀ bá ń hó kí ó ṣe asalaatu fún Ànábì. Asalaatu dára nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ hádíìsì bíi Al-Uqayli àti Ibn al-Jawzi kò gba hádíìsì náà wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe torí etí tí ó ń gbọ̀n ba ilé jẹ́. Kíkà Faatiha, Kulhuwallaahu, Falaki àti Naasi sí ara ẹni jẹ́ súnnà, kò sì gba owó. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ mú àgbò àti owó ńlá wá kí òun tó lé àlùjànnú etí, owó yín ni ó ń lé.

ÌKẸRIN: Ẹ WÁ ÌWÒSÀN

Bukhari gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Huraira pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé kò sí àrùn kan tí Ọlọ́hun sọ̀kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ má ṣe kán àdín gbígbóná sí etí, ẹ má sì fi ìyẹ́ adìẹ, ìṣáná tàbí ìdérí báírò ro ó. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn (UNIMED) wà ní Oǹdó, ẹ béèrè dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ibẹ̀ lọ, UCH wà ní Ìbàdàn.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró. Bí etí bá ṣàdédé di adití, ìbáà ṣe ẹyọ kan, tàbí tí ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ lọ láàrin ọjọ́ 3, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, nítorí oògùn rẹ̀ wúlò jù láàrin ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́. Bákan náà ni bí ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí òòyì líle bá ń kọ́ni, bí ojú bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí bí etí bá ń lù kì-kì-kì pẹ̀lú ìlù ọkàn.

Bí dókítà bá wá sọ pé òun kò rí nǹkan kan, kò ní ẹ ń purọ́. Ohun tí ó sọ ni pé òun kò rí ewu. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì padà lọ bí ó bá ń le sí i.

ÌKARÙN-ÚN: ÌRUN ÀTI ÀÀWẸ̀

Ẹni tí òòyì ń kọ́ kí ó jókòó kírun. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì ṣe fún Imran ọmọ Husayn nígbà tí ara rẹ̀ kò yá: kí ó dúró, bí kò bá lè dúró kí ó jókòó, bí kò bá lè jókòó kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn imaamu dáadáa kí ó máa wo àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀. Nínú àlùwàlá, pípa etí ni wọ́n ní kí á ṣe, wọn kò ní kí á da omi sí ihò rẹ̀.

Ní ti oògùn tí a ń kán sí etí nínú ààwẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ àtijọ́ ní ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1997, ìgbìmọ̀ onímọ̀ fíkíìhì àgbáyé tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Jiddah ṣe ìdájọ́ pé kò bà á jẹ́, bí ènìyàn kò bá ti gbé èyí tí ó dé ọ̀fun mì. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹra fún àríyànjiyàn, kí ó kán an lóru.

ÌKẸFÀ: SÙÚRÙ, ÀTI Ẹ̀TỌ́ ALÁÌSÀN LÓRÍ WA

Obìnrin dúdú kan wá bá Ànábì pé wárápá ń gbé òun ṣubú. Ànábì ní bí ó bá fẹ́, kí ó ṣe sùúrù kí ó sì gba Àlùjánnà, bí ó bá sì fẹ́, òun yóò tọrọ ìwòsàn fún un. Ó yan sùúrù, ṣùgbọ́n ó ní kí Ànábì bá òun ṣe àdúà kí ara òun má máa hàn síta bí òun bá ṣubú. Ẹ wò ó dáadáa: ó ṣe sùúrù, ó sì tún béèrè ìrọ̀rùn. Àwọn méjèèjì kò ta ko ara wọn. Kí ẹni tí etí rẹ̀ ń hó lóru má sùn nínú ìdákẹ́rọ́rọ́, kí ó ṣí kíké Alùkùràánì sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí rédíò. Kí ó sùn lásìkò, kí ó dín ìrònú kù, kí ó sì sọ fún ẹnìkan.

Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ rántí Haatim ará Balkh, tí wọ́n ń pè ní Al-Asamm, èyíinì ni Adití. Wọ́n ní obìnrin kan wá bi í ní ìbéèrè, ó sì ṣèèṣì sọ̀. Ojú tì í gidigidi. Haatim bá ní kí ó gbé ohùn sókè, òun kò gbọ́. Inú obìnrin náà dùn, ó rò pé adití ni. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Bí ènìyàn bá lè sọ ara rẹ̀ di adití nítorí ojútì ẹlòmíràn, kí ló dé tí àwa kò lè tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni tí kò gbọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé kéwú ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọmọ tí kò dáhùn lè má jẹ́ olóríkunkun, etí rẹ̀ lè dí. Ìgbátí kan ṣoṣo lè fa awọ etí ya. Ẹ gbé ọmọ náà wá síwájú, kí ó máa wo ẹnu yín. Ìgbọ́rọ̀ tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín bà jẹ́, Ọlọ́hun yóò bi yín nípa rẹ̀.

Ní àkótán, Abu Dawud gbà á wá pé Ànábì máa ń tọrọ àlàáfíà ara, àlàáfíà ìgbọ́rọ̀ àti àlàáfíà ìríran lẹ́ẹ̀mẹta ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí á máa ṣe é, bí ẹnì kan kò tilẹ̀ ṣàìsàn láàrin wa. Kí Ọlọ́hun wo gbogbo etí tí ń dun ọlọ́tí sàn, kí Ó fi sùúrù sí ọkàn ẹni tí tirẹ̀ bá pẹ́, kí Ó sì jẹ́ kí á gbọ́ ìpè sí Àlùjánnà ketekete. Àmín.