Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Pa Olè Nítorí Ohun Ìní?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ìbínú dáhùn kí wọ́n tó rò ó. Bí olè bá wọ ilé ènìyàn, tàbí oko rẹ̀, láti kó ohun tí ó fi òógùn ojú ní, ǹjẹ́ olóhun ní ẹ̀tọ́ láti pa á? A kò béèrè bóyá a lè lé e, tàbí kí a mú un, tàbí kí a fà á lé ìjọba lọ́wọ́; gbogbo wa mọ̀ pé ìwọ̀nyí tọ́. Ti ikú ni à ń béèrè. Àwọn àgbà wí pé ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Òwe náà kò sọ ohun tí olóhun yóò ṣe nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá dé, ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi ikú parí rẹ̀ fún un.

Kí a má ṣe fi ojú kékeré wo olè jíjà. Ẹni tí a kò jà lólè rí ni í máa ń yára wí pé ẹrù lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a ro ti opó kan tí ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo bọ́ ọmọ mẹ́rin, tí ó sì fi ń san owó ilé ìwé wọn. Bí olè bá gbé ẹ̀rọ náà lọ, kì í ṣe irin nìkan ni ó gbé. Ọdún tí obìnrin náà fi kó owó rẹ̀ jọ ni ó gbé, àti oúnjẹ oṣù tí ń bọ̀. Àgbẹ̀ tí a wa iṣu rẹ̀ lóru, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni a jí. Ẹni tí ó bá jí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ó jí apá kan nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó lágbára jùlọ lẹ́nu àwọn tí ó ní pípa olè tọ́, èmi kò sì mọ ẹni tí ó lè pè é ní irọ́. Ṣùgbọ́n apá kan nínú ọjọ́ ayé kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Opó wa yóò jí ní òwúrọ̀; yóò sunkún, ó sì lè tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a bá pa kò ní ibi tí yóò ti tún bẹ̀rẹ̀.

Nínú Ìwé Ẹ́kísódù, orí 22, òfin kan wà tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa fi ara balẹ̀ kà. Òfin náà dá olóhun láre bí ó bá pa ẹni tí ó ń dá ilé rẹ̀ lu nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ka irú ikú bẹ́ẹ̀ sí ìpànìyàn. Àwọn ará Róòmù pẹ̀lú, nínú òfin Wàláà Méjìlá tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 450 kí a tó bí Olúwa wa, gbà kí a pa olè òru. Ṣùgbọ́n olè ọ̀sán, àfi bí ó bá fi ohun ìjà gbèjà ara rẹ̀.

Kí ni òru fi yàtọ̀? Ewúrẹ́ tí a jí lóru àti èyí tí a jí lọ́sàn-án, iye kan náà ni wọ́n. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ohun tí olóhun lè mọ̀. Nínú òkùnkùn, kò mọ̀ bóyá ewúrẹ́ ni ẹni náà wá mú tàbí ọrùn òun. Kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ni tàbí ènìyàn mẹ́wàá; kò rí ọwọ́ rẹ̀ láti mọ̀ bí ọ̀bẹ wà níbẹ̀; àwọn aládùúgbò sì ti sùn. Ní ọ̀sán, ó rí ojú rẹ̀, ó lè ké sí ènìyàn, ó lè mọ ọmọ ẹni tí í ṣe, kí ó sì mú un lọ síwájú àwọn àgbà. Nítorí náà, òfin yìí kò wo iye ẹrù rárá. Ewu ẹ̀mí tí òkùnkùn bò mọ́lẹ̀ ni ó wò. Òfin kan náà sì ní kí olè san án padà: màlúù márùn-ún fún ọ̀kan tí ó bá pa tàbí tí ó tà, àgùntàn mẹ́rin fún ọ̀kan. Òkú kì í san gbèsè.

Ẹjọ́ kan wà ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kà títí di òní. Tọkọtaya Briney ní ilé oko kan tí wọ́n jogún, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé inú rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún 10 ni àwọn ènìyàn ń fọ́ ilé náà, tí wọ́n ń kó ohun inú rẹ̀. Wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé, wọ́n gbé àkọlé kalẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ilẹ̀ náà. Kò mú nǹkan wá. Ní ọdún 1967, ọkọ so ìbọn mọ́ ibùsùn nínú yàrá kan, ó sì fi wáyà fà á mọ́ ilẹ̀kùn, kí ó lè yìn bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Ikùn ni ó kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ní kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Katko wọlé láti kó ìgò àtijọ́, ìbọn náà sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó jẹ́wọ́ olè rẹ̀, ó san ìtanràn dọ́là 50. Ṣùgbọ́n ó pe àwọn onílé lẹ́jọ́, a sì ní kí wọ́n san dọ́là 30,000 fún un. Ní ọdún 1971, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Iowa fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà.

Kò dùn mọ́ mi nínú pé kí olè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó wá jà lólè. Síbẹ̀, ìdí tí ilé ẹjọ́ rí wí kò ṣeé kọ̀: ohun tí ènìyàn kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bí ó bá dúró níbẹ̀, kò lè fi ohun tí ó dẹ sílẹ̀ ṣe é lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìbọn kò ní ojú. Kò béèrè bóyá òru ni tàbí ọ̀sán, bóyá kólékólé ni tàbí ọmọdé tí òjò lé wọlé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1827, àfi nínú ilé gbígbé láàrin ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ àti ìgbà tí yóò là. Ẹ kíyè sí i pé ààlà òru tí Mósè pa náà ni.

Àwọn baba wa mọ ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó bá di igi ìdáná kalẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ààlè ni yóò fi lé e: bàtà gbígbó, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tàbí akísà pupa, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Onígbàgbọ́ kò ní láti bẹ̀rù agbára tí àwọn kan ní ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé gbangba ni a ń fi ààlè hàn. Ó ń bá olè sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan ẹrù, tí ó ṣì lè yí padà. Ìbọn tí a fi pamọ́ kì í sọ̀rọ̀ títí ènìyàn yóò fi ṣubú.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi àyè sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ìpín 33 ka ìdáàbòbò dúkìá mọ́ àwọn ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ lo agbára tí ó lè já sí ikú. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní ọdún 1950 lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn kò ka dúkìá mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìpín kan náà ní kí agbára náà má ṣe ju èyí tí ó pọndandan lọ, àti pé ní ìwọ̀n tí òfin bá yọ̀ǹda nìkan ni. Bí ariwo bá tó láti lé olè, àdá kò pọndandan. Bí olè bá sì ti kẹ̀yìn sí wa, tí ó ń sá lọ, kí ni ó tún pọndandan? Ní ọdún 1999, ní Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbẹ̀ kan, Tony Martin, yìnbọn lu olè méjì nínú ilé ara rẹ̀ lóru. Ọ̀kan tí í ṣe ọmọ ọdún 16 kú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọta ti wọlé. Òru ni, inú ilé ni, síbẹ̀ a dá a lẹ́bi ìpànìyàn ní ọdún 2000, kí a tó sọ ẹ̀bi náà di èyí tí ó fẹ́ẹ́rẹ́ sí i ní ọdún 2001.

Ohun tí ó burú jùlọ láàrin wa kì í tilẹ̀ ṣe ọwọ́ olóhun. Ọ̀sán gangan ni a ń ké “Olè! Olè!” ní ọjà, tí àwọn tí wọn kò pàdánù ohunkóhun yóò sì gbé táyà àti epo dé. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, a fi ẹ̀sùn olè kan akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, a sì lù wọ́n, a sun wọ́n títí wọ́n fi kú. Ní ọdún 2017 ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta nítorí rẹ̀, ọlọ́pàá sì ni ọ̀kan nínú wọn. Níbẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́, a ti mú àwọn tí a fẹ̀sùn kàn, wọn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára mọ́. Ẹrù wo ni a ń dáàbò bò ní wákàtí náà?

Mo mọ èsì tí yóò wá. Wọn yóò ní a pe ọlọ́pàá, wọn kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọn yóò sì ní bí a kò bá pa ọ̀kan, mẹ́wàá yóò wá. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ òtítọ́ ní ibi púpọ̀, ìdí sì nìyí tí àdúgbò fi ń gba ọlọ́dẹ, tí wọ́n ń ti géètì, tí wọ́n ń tan iná. Ní ti èkejì, ìjọba ti dán an wò. Ní ọdún 1970 ó fi òfin gbé ikú ka orí adigunjalè. Ní ọdún 1971 a yìnbọn pa Ishola Oyenusi ní etíkun Bar Beach ní Èkó lójú ọ̀pọ̀ èrò. Ní ọdún 1986, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ará Benin sùn. Bí ìjọba tí ó ní ìbọn àti adájọ́ kò bá lè fi ikú parí olè, èmi kò rí bí àdá onílé yóò ṣe parí rẹ̀. Olè tí ó mọ̀ pé a ó sun òun bí a bá mú òun, ó ní ìdí láti mú ìbọn lọ́wọ́ wá.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi ni pé kí olóhun ké, kí ó tìlẹ̀kùn, kí ó di olè mú, kí ó lù ú níwọ̀n tí yóò fi ju ẹrù sílẹ̀. Bí ẹni náà bá yíjú sí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn, n kò sì ní dá a lẹ́bi bí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni olè gbé tí ó ń sá lọ, kí ó jẹ́ kí ó lọ. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ opó náà wúwo, kò sì yẹ kí àwa tí à ń béèrè rẹ̀ padà sí ilé wa kí a sùn. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ń dá owó fún ìsìnkú àti fún ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tí olè bá jà, kí ẹ̀rọ mìíràn lè wà níwájú rẹ̀ kí oṣù tó parí.