Ta Ló Mọ Agboolé Ẹni Tó Kó Oògùn Wá?

Bí ẹlẹ́wé ọmọ kan ní ọjà Ilé-Ogbó bá já ewé tí kò yẹ fún ìyá ìkókó, kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé, wọn ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n mọ agboolé rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Kò gbé ìwé àṣẹ kankan kọ́ ògiri. Mímọ̀ tí ìlú mọ̀ ọ́n ni ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Ẹ wá wo oògùn inú ìgò. Wọ́n kó o ní páálí láti Ìdúmọ̀tà, ó gba ọwọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó dé kẹ́mísìtì ìtòsí wa. Agboolé ta lẹ fẹ́ lọ? Ìbéèrè tó ń dà mí láàmú nìyí: bí oògùn bá pa ọmọ, ẹni tó wà láàárín, tí kò pò ó, tó kàn rà á ní páálí tó sì tún un tà, ṣé ọwọ́ rẹ̀ mọ́?

Ẹ rántí My Pikin, oògùn ọmọ tó ń hu eyín. Ní ìparí 2008 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ba kíndìnrín àwọn ọmọdé jẹ́; 84 ló kú. Ilé iṣẹ́ Barewa tó ṣe é kò sá pamọ́, NAFDAC ti forúkọ oògùn náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èròjà kan tí wọ́n fi pò ó, ọwọ́ oníṣòwò kan l'Ékòó tí kò ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ti rà á. Propylene glycol ni wọ́n pè é. Diethylene glycol ló wà níbẹ̀, májèlé tí kò ní àwọ̀, tó tún wá dùn lẹ́nu. (Dídùn yẹn ló ń dùn mí jù.) Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ Barewa lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje-méje. Ọwọ́ kan ṣoṣo tí a kò mọ̀ ló wọ àárín, òun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àwọn kan nínú wa á ní, "Ìwé lásán ni jàre, owó ni wọ́n fi ń gbà á." Mo gbà pé ìwé àṣẹ kì í sọ olè di ọmọlúàbí. Àmọ́ bí PCN bá ní ẹni tó ń ta oògùn ní páálí gbọ́dọ̀ forúkọ ilé ìtajà rẹ̀ sílẹ̀, kí apòògùn kan sì wà tí yóò dáhùn fún un, agboolé ni wọ́n ń wá fún oògùn tí kò ní agboolé.

Ẹni tó wá ra páálí ní ìlàjì owó, tó mọ̀ pé ó ti pọ́ọ́kú jù, tó panu mọ́, kò lè ní òun ò mọ̀. Àìmọ̀ tí èèyàn ń jèrè lórí rẹ̀ ni. Mi ò ní ẹ̀bi rẹ̀ tó ti ẹni tó po májèlé o. Mo ní ó jẹ̀bi.

Ní oṣù kejì 2025, NAFDAC ti àwọn ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà, Onitsha àti Aba pa. Ó ká mi lára fún àwọn tó ń ta ojúlówó níbẹ̀, nítorí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù tiwọn náà mọ́ ti àwọn onígbàrọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọn ì bá fi yà wọ́n sọ́tọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ kò lè sọ ẹni tó ta páálí fún wọn? Lójú tèmi, àwọn olóòótọ́ yẹn gan-an ló yẹ kó ti máa pariwo ìwé àṣẹ, kí àgádágodo tó dé.