Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Ta Ìrètí fún Ẹni Tí Orúnkún Ń Dùn?

Ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Nínú ẹgbẹ́ wa, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí a bá ní kí a kúnlẹ̀ gbàdúrà, àwọn kan á kúnlẹ̀, àwọn kan á di àga mú. Orúnkún tí a fi ń kí àgbà, tí a fi kúnlẹ̀ bímọ, òun náà ni ó kọ́kọ́ ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ bí ọjọ́ bá ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń dùn ún. Ní ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Amẹ́ríkà pè é pé ilé ìwòsàn kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ tí ń mú eegun rírọ̀ inú orúnkún hù padà. Owó rẹ̀ kò kéré. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ọkọ òun fi sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìwọ tí o sùn mọ́jú lánàá ni ò ń sọ pé kí n ṣe sùúrù?” Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Òun ni ó jẹ́ kí n lọ wádìí.

Níbi tí eegun méjì ti pàdé, eegun rírọ̀ kan wà tí ó ń dán, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Ó jọ ohun tí a ń pè ní bísíkíìtì bóònù nínú ẹran ọbẹ̀. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà bí ó bá jẹ, kì í san bí awọ ara ṣe ń san. Láti 1743 ni William Hunter, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti sọ pé bí ó bá ti bàjẹ́, kì í padà bọ̀ sípò.

Àwọn onímọ̀ kò dákẹ́. Ní 1994, àwọn oníṣègùn ní Gothenburg, ní Sweden, ròyìn pé àwọn mú sẹ́ẹ̀lì láti inú orúnkún ènìyàn 23, àwọn mú un dàgbà níta, àwọn sì dá a padà. Ní oṣù Kejìlá 2016, FDA, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ọ̀nà kan tí a fi ń gbin sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ sórí awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi èròjà ara ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Scaffold ni wọ́n ń pe irú awẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí igi tí àwọn bíríkìlà ń tò mọ́ ògiri: òun kọ́ ni ilé, ṣùgbọ́n òun ni a fi ń kọ́ ọ. Ojú ibi tí ó bàjẹ́ nìkan ni a sì fi ń dí, kì í ṣe orúnkún àgbà tí ó ti jẹ yíká.

Exosome ni tuntun. Stem cell ni sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣì lè di oríṣiríṣi nǹkan nínú ara. Ó máa ń tú àwọn àpò kéékèèké jáde, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè to nǹkan bí 10,000 wọn sínú mìlímítà kan. Àpò wọ̀nyí ni exosome, inú wọn sì ni iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì kan ń rán sí èkejì wà. Ìrètí àwọn onímọ̀ ni pé bí a bá fi wọ́n sínú orúnkún, tàbí sínú scaffold tí yóò máa tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara yóò gbọ́ iṣẹ́ náà, yóò sì tún ara rẹ̀ ṣe. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Singapore ròyìn pé ó ran orúnkún àwọn eku lọ́wọ́. Eku ni o, kì í ṣe ìyá àgbà.

Ìbéèrè mi nìyí: ohun tí ó ran eku lọ́wọ́, ṣé ó tọ́ kí a máa tà á fún ènìyàn, bí ẹni tí ń rà á bá tilẹ̀ ní òun gbà?

Àwọn kan yóò ní owó rẹ̀ ni, orúnkún rẹ̀ ni, kí ni ó kan ẹlòmíràn? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára. Àgbàlagbà kì í ṣe ọmọdé. Ọdún mẹ́wàá tí a ó fi dán oògùn wò sì lè jẹ́ gbogbo ọdún tí ó kù fún ìyá. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan méjì. Èkínní, àwọn àgbà ní bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìrora rí. “Mo gbà” tí ìrora sọ, nígbà tí a kò tíì sọ òtítọ́ fún un, kò tíì pé. Èkejì, bí a bá dán oògùn wò bí ó ti yẹ, a ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ire tàbí ibi, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè jèrè. Bí a bá kàn tà á, owó lọ, ìmọ̀ kò wá.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní oṣù Kejìlá 2019, FDA kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn lẹ́yìn tí exosome tí a kò fọwọ́ sí ti pa àwọn aláìsàn kan lára ní ìpínlẹ̀ Nebraska.

Ó tún kù: níbo ni ó ti wá? Ara ọlẹ̀ ènìyàn ni a ti mú irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lò ní Singapore jáde, àwa onígbàgbọ́ kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí ìyẹn. Àwọn mìíràn ń mú tiwọn láti inú ibi ọmọ. Àwa Yorùbá kì í da ibi ọmọ sí àkìtàn. A ń sin ín ni. Nítorí náà ó yẹ kí a bèèrè bóyá ìyá ọmọ náà mọ̀ pé a mú un, àti pé a ó tà á.

Ẹ rántí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Ìhìn Rere Máàkù. Owó rẹ̀ ti tán sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, àìsàn kò sì dẹwọ́. Jésù kò bá a wí pé ó ń wá ìwòsàn kiri. Kí àwa náà má ṣe dá ẹni tí ń wá ìwòsàn lẹ́bi. Ẹni tí ń gba owó ni kí a bi léèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi àti èmi jókòó, a kọ ìbéèrè mẹ́ta: Ènìyàn mélòó ni ẹ ti dán an wò lára wọn, níbo ni ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sí? Ara ta ni ó ti wá? Bí kò bá ràn mí ńkọ́? Ọmọ wọn bi ilé ìwòsàn náà. Ìwé ìpolówó aláràbarà ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi kà á tán, wọ́n ká a pọ̀, wọ́n ní kí ilẹ̀ náà máa wà níbẹ̀. Nísinsìnyí wọ́n ń ṣe eré ìdárayá orúnkún tí ilé ìwòsàn kọ́ wọn, wọ́n sì ń fi ọ̀pá rìn. Ìrora náà dín díẹ̀, kò lọ. Bí abẹ́rẹ́ yìí bá wá jẹ́ òtítọ́ lọ́jọ́ iwájú, n kò ní sẹ́ pé èmi ni mo dá wọn dúró.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọ bá pè láti òkè òkun pẹ̀lú ìròyìn abẹ́rẹ́ tuntun, ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́ta náà kí ẹ tó ta ohunkóhun. Ẹ má sì fi ẹni tí orúnkún ń dùn ṣe ẹlẹ́yà. Bí a bá dé ibi àdúrà, kí ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ jókòó. Kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ fún àwọn méjèèjì.