ÀÁNÚ WÀ NÍNÚ ÒFIN
Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Deuteronomi 24:10-13, Luku 3:12-13

Ẹ kú wàhálà wíwá ibi tí ẹ ó gbé ọkọ̀ sí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé kí n tó di akọ̀wé níhìn-ín, iṣẹ́ wọ́dìn ni mo ṣe fún kánsù kan ní Lọ́ńdọ̀nù yìí. Èmi ni mo ń lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ gíláàsì ọkọ̀. Wọ́n bú mi, wọ́n ṣépè fún mi, mo sì gbà á mọ́ra, torí pé a kì í torí pé ajá ń gbó kí a pa á.

Ní ọjọ́ kan nígbà òtútù, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó jẹ́ ti àwọn onílé àdúgbò nìkan. Ó di ìyá arúgbó kan mú, ìyá náà fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ wọ inú ilé. Mo fi ojú mi rí i. Nígbà tí ọkùnrin náà padà jáde, mo ti lẹ tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọsibítù ni ìyá mi ti ń bọ̀.” Mo ní, “Kánsù ni kí ẹ kọ̀wé sí.”

Èmi kò purọ́. Bí wọ́dìn bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, kò lágbára láti gbà á padà mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ǹ bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo rí ìyá arúgbó, mo rí ọ̀pá. Nọ́ńbà ọkọ̀, àdúgbò àti aago nìkan ni mo kọ. Ẹni tí ó jókòó ní ọ́fíìsì tí ó ń ka lẹ́tà kò dé títì. Ojú wọ́dìn ni ó fi ń ríran.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkùnrin yìí wá sí ìsọ́ òru wa. Kò dá mi mọ̀ nínú sùtánà. Ó ní òun kọ̀wé, kánsù dáhùn pé kò sí ẹ̀rí, òun sì san ìdajì kí owó tó di odidi. Ó ní kì í ṣe owó ni ó dun òun, bí kò ṣe pé wọ́n sọ òun di òpùrọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìyá òun. Ará, sùtánà wúwo lọ́rùn mi. Nígbà tí a parí àdúrà, mo jẹ́wọ́ fún un, mo sì fẹ́ san owó náà fún un. Kò gbà á. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣáà máa kọ ohun tí ẹ bá rí.” Ẹjọ́ ti parí, nítorí ẹni tí ó bá ti san owó ti pa ìwé dé.

Ẹ wo Deuteronomi. Ọlọ́run kò ní kí a má gba ògo lọ́wọ́ ẹni tí ó yá owó. Ṣùgbọ́n Ó ní kí olówó dúró níta, kí ó má ṣe wọ ilé onílé; bí ẹni náà bá sì jẹ́ tálákà, kí a dá aṣọ rẹ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀, kí ó lè rí aṣọ bora sùn. Johanu Onítẹ̀bọmi náà kò ní kí àwọn agbowó-òde fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má gbà ju èyí tí a pa láṣẹ lọ. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Òfin ìlú yìí pàápàá fi àyè sílẹ̀. Òfin ọdún 2004, tí a bẹ̀rẹ̀ sí lò fún ọ̀ràn yìí ní England ní 2008, ní ìwé ìtọ́sọ́nà tí ó ní kánsù lè fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì nígbàkígbà, kí ó gbé ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò bí ó ti rí, kí ó má sì fi owó ṣe ìdí iṣẹ́. Láti 2015, ìṣẹ́jú 10 wà fún ẹni tí àkókò tí ó sanwó fún ti pé. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣàánú kò rú òfin.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àánú kì í ṣe rìbá, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Bí mo bá fi ọ́ sílẹ̀ nítorí pé o jẹ́ Yorùbá, tàbí nítorí pé a jọ wọ sùtánà, mo ti ṣẹ̀. Àánú tòótọ́ ni èyí tí a lè kọ sínú ìwé kí ọ̀gá kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹ ka lẹ́tà bí ẹni pé ìyá yín ni ó kọ ọ́. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ má dí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wa lónìí, ẹ má gba ààyè abirùn. Bí ẹ bá gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi gégùn-ún, ẹ má sì jù ú nù. Nínú ọjọ́ 14, ìdajì ni owó rẹ̀. Bí ẹ bá ní àwáwí, ẹ kọ òtítọ́, ẹ fi ẹ̀rí sí i. Bí kánsù bá kọ̀ ọ́ títí dé òpin, adájọ́ tí kì í ṣe ti kánsù wà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Gbogbo wa ni a jẹ gbèsè lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Kí Olúwa má ṣe ka gbogbo àṣìṣe wa sí wa lọ́rùn. Kí Ó fún wa ní ojú tí ń rí, àti ọwọ́ tí ń kọ ohun tí ojú rí. Àmín.